Màmá Má-Fọwọ́-Sí-I

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ó sì ń jẹ́ ẹ. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ṣiṣẹ́ atẹ̀wé ní kọ́ọ̀tù. Gbogbo ẹ̀tọ́ tí òfin fún ẹni tí ọlọ́pàá bá mú, ìka rẹ̀ mọ̀ ọ́n ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, iṣẹ́ gẹ́rungẹ́run ni ọmọ náà ń ṣe. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọlọ́pàá wá mú un ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ó mọ̀ nípa fóònù kan tí wọ́n jí. Ní àgọ́ wọn, wọ́n gbé ìwé síwájú rẹ̀: "Fọwọ́ sí i, kí o máa lọ sílé." Kò kà á, ó fọwọ́ sí i. Àṣé "èmi ni mo jí i" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi ìwé náà han ìyá rẹ̀ ní kọ́ọ̀tù, ó dá ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mọ̀. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ. Adájọ́ sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún. Ikọ́ ife kò jẹ́ kó lò ju ọdún méjì lọ níbẹ̀. Òkú rẹ̀ ni wọ́n gbé fún ìyá.

Ló bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ó tọrọ kíláàsì kan lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé àdúgbò, ó ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ síbẹ̀ ní Sátidé. Á fajú ro bí ọlọ́pàá: "Fọwọ́ sí i kíá!" Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì dáhùn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ẹ̀sùn mi? Mo fẹ́ pe àwọn ará ilé mi. Mo fẹ́ lọ́yà. Mi ò lè fọwọ́ sí ohun tí mi ò kà."

Màmá á ní, "Ẹ rọra sọ ọ́ o. Ohùn líle ló ń yọ ọfà lápó."

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà bi í pé, "Màmá, ṣé ọmọ yín ò mọ gbogbo èyí ni?"

Màmá dá a lóhùn:

"Kò mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n. Ojoojúmọ́ ni mo ń tẹ̀ ẹ́. Mo rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀daràn ni, mi ò sọ ọ́ nílé rí."

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n mú ọmọbìnrin yìí fún ohun tí kò mọ̀dí. Wọ́n halẹ̀ títí, kò fọwọ́ sí nǹkan kan, ó ní àfi kí òun pe bàbá òun. Kí ilẹ̀ tó ṣú, bàbá rẹ̀ àti lọ́yà ti gbà á jáde. Ilé Màmá ló sá wá tààrà, bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e: "Màmá, mi ò fọwọ́ sí i o!"

Màmá dì mọ́ ọn, ó rẹ́rìn-ín títí tí bàbá àti ọmọ fi lọ. Nígbà náà ló ti ilẹ̀kùn, tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, tó sì bú sẹ́kún. Inú rẹ̀ dùn sí ọmọ náà dénú. Ṣùgbọ́n ó ti wá fojú ara rẹ̀ rí i pé ọ̀rọ̀ náà ń ṣiṣẹ́. Ì bá ṣiṣẹ́ fún ọmọ tirẹ̀ náà.