Pupuru Tí Màmá Mi Gbé Fún Àwọn Ṣọ́jà

Màmá mi kì í dúpẹ́ lẹ́nu lásán. Bí o bá ṣe wọ́n lóore, àfi kí wọ́n gbé nǹkan lé ọ lọ́wọ́.

Lọ́dún tí àwọn ajínigbé gba ọ̀nà oko wa ní Araromi-Obu, odindi ìgbà ìkórè kan ni màmá fi jókòó sílé ní Òrè. Kòkó ń jẹrà lórí igi, ọ̀kẹ́rẹ́ ń ṣọdún. Láràárọ̀, wọ́n á wọ aṣọ oko, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà. "Mo fẹ́ yún oko mi," ni wọ́n máa ń wí, àfi bí ẹni pé èmi ni mo ní kí wọ́n má lọ. Wọ́n ń rù lójú mi, ẹ̀rù sì bà mí.

Nígbà tó yá, àwọn ṣọ́jà dé, wọ́n dúró sí oríta tó wọ oko. Kí n sòótọ́, n kò fẹ́ràn wọn. Ọlọ́kadà ni mí, bí mo bá sì dé ọ̀dọ̀ wọn, dandan ni kí n sọ̀kalẹ̀, kí n máa ti ọ̀kadà bí ẹni ti ọmọlanke. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀nà fi là. Màmá ká ìwọ̀nba kòkó tó kù, wọ́n sì ń kọrin Aládùúrà lẹ́yìn mi títí a fi délé.

"A ó lọ dúpẹ́," ni wọ́n wí.

Nílé tiwa, àlejò tó máa pẹ́, oúnjẹ tí a kò tíì sè là ń gbé fún un. Màmá kó pupuru mẹ́fà kúrò lórí ààrò: ẹ̀gẹ́ tí a mọ roboto, tí a fi èéfín yan títí ara rẹ̀ fi dúdú. Wọn kò ha dúdú yẹn kúrò, kó má baà tètè bàjẹ́. Wọ́n kó o sínú àpò, mo sì fi ọ̀kadà gbé wọn lọ sí oríta àwọn ṣọ́jà.

Ṣọ́jà kan, ará Òkè Ọya, tú àpò náà wò, ó sì fò sẹ́yìn. Ó pàṣẹ kí a kúrò nídìí rẹ̀. Mo ti na ọwọ́ méjèèjì sókè kó tó yé mi pé bọ́ǹbù ló pè é. Màmá ní tiwọn mú ọ̀kan, wọ́n là á mọ́ òkúta, funfun inú rẹ̀ sì yọ.

"Oúnjẹ ni, ọmọ mi. Ẹ gbé omi kaná."

Mo fi píjìnì túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, ọwọ́ mi ṣì wà lókè. Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Màmá ha á, wọ́n gún un, wọ́n jọ̀ ọ́, wọ́n sì rò ó sórí iná. Ẹni tó fò sẹ́yìn yẹn ló bù lẹ́ẹ̀mẹta.

Màmá ní kí n sọ fún un pé ọpẹ́lọpẹ́ wọn ni àwọn fi ń yún oko. Ó dáwọ́ oúnjẹ dúró. Ó ní ìyá òun náà ní oko ọkà bàbà nílé, ó sì di ọdún kejì tí kò lè débẹ̀. Ó dùn mí láti túmọ̀ èyí. Màmá bọ́ bàtà, wọ́n kúnlẹ̀ sínú eruku, wọ́n gbàdúrà fún ìyá rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, a kì í kọjá kí màmá má bi í pé, "Ìyá rẹ yún oko?" Á mi orí pé rárá.

Àfi lóṣù tó kọjá. A kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn tó ti dìde, tó ń ju fìlà rẹ̀ sókè. "Màmá, ó yún oko," ló ń ké, pẹ̀lú ahọ́n Òkè Ọya rẹ̀. Màmá bú sẹ́kún lẹ́yìn mi, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà. Ọjọ́ náà, mo gbàgbé láti sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ẹnikẹ́ni kò sì bá mi wí.