Àlùwàlá Tí Mo Ṣe fún Páìpù

Kíláàsì kejì ní ilé ìwé Mọ́dà ni ìwé mi dúró sí. Kò sẹ́ni tó lé mi o. Èmi àti ìṣirò la jọ fẹnu kò pé ká má fìyà jẹ ara wa mọ́. Bí mo ṣe di wẹ́dà nìyẹn, ní Challenge, létí títì. Tó o bá gba àdúgbò yẹn kọjá nígbà náà, tó o gbọ́ géètì tó ń ké bí ewúrẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Iṣẹ́ géètì ò fẹ́ sùúrù. Oníbàárà á ti gbé mọ́tò wá, á dúró lé ọ lórí: "Bọ̀dá wẹ́dà, ẹ ṣe kíá, dẹ́rẹ́bà fẹ́ máa lọ." Tó o bá ti fi iná jó irin ẹ̀ pọ̀ tán, wàá bu omi lé e. Irin á pariwo, èéfín á sọ, oníbàárà á fọwọ́ kàn án, inú ẹ̀ á dùn. Omi yẹn làwa fi ń sọ pé iṣẹ́ ti parí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bu omi lé irin, kò sí géètì tó padà wá fẹjọ́ sùn.

Ìgbà tí sójà gbàjọba, tí wọ́n ní ká máa tò sórí ìlà ká tó wọ mọ́tò, ni mo ríṣẹ́ lẹ́yìn Àpáta, níbi tí wọ́n ti ń ri páìpù epo mọ́lẹ̀. Fóòmáànù wa, ọkùnrin kúkurú kan tí ohùn ẹ̀ ga ju ti jẹnẹrétọ̀ lọ, ló sọ mí lórúkọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́: Alágéètì. Ó so mí pọ̀ mọ́ bàbá kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, tó ti ń jó páìpù kí n tó mọ ohun tó ń jẹ́ iná. Níbi tí páìpù méjì bá ti pàdé, tá a ń pè ní oríkèé, Baba á jó ìpele ìsàlẹ̀, èmi á wá jó tòkè bò ó. Lẹ́yìn náà, a ó lu nọ́ńbà àwa méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa bú.

Ojú Baba ti ń ṣe bàìbàì. Apá kan awò ojú ẹ̀ ti kán, òwú ló fi so ó mọ́ etí. Fóòmáànù ti sọ ọ́ níṣojú gbogbo wa: "Baba, oríkèé kan péré tó bá tún bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ilé yá." Baba ò bẹ̀ ẹ́. Ohun tó sọ fún mi ni pé òun fẹ́ bá páìpù yẹn dé ìparí, kóun lè fi ẹsẹ̀ ara òun kúrò nídìí iṣẹ́, kí wọ́n má lé òun bí ajá.

Òfin kan wà níbẹ̀ tó ń sú mi. Tí mo bá ti jó tòkè tán, mo gbọ́dọ̀ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì tó nípọn wé oríkèé náà, kí n jókòó tì í títí irin á fi tutù fúnra ẹ̀, kó má baà sán.

Ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, Baba ti jó tiẹ̀ tán, ó ti lọ sínmi ojú lábẹ́ àtíbàbà. Mo jó tèmi, mo gbójú sókè, oòrùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín orí. Mọ́tò ni mo máa wọ̀ dé mọ́ṣáláṣí, mo sì mọ bí ìlà ṣe ń gùn. Mo ṣe àlùwàlá níbẹ̀. Omi ṣẹ́kù nínú búùtà. Ọwọ́ mi, tó ti fi ọdún mẹ́sàn-án kọ́ṣẹ́, ò bi mí léèrè. Ó da ìyókù sórí oríkèé. Irin pariwo. Mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e dáadáa bí ọmọ tuntun, mo sáré lọ kírun. Tó o bá bi mí ní ohun tí lémọ́ọ̀mù sọ, mi ò mọ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, ẹnjiníà tó ń yẹ iṣẹ́ wa wò dé. Bódìjà ló ń gbé, kò dàgbà jù mí lọ, ṣùgbọ́n ìwé tó kà ń jẹ́ kí n máa pè é ní sà. Ó kun oríkèé náà ní ọ̀dà funfun, ó gbé mágínẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan lé e bí akàn, ó wá da omi dúdú tí wọ́n po lẹ́búlẹ́bú irin mọ́ sórí ẹ̀. Omi ṣàn lọ. Ìlà dúdú kan dúró, tín-ín-rín bí irun orí, ó gùn tó ìka ọwọ́.

"Ó ti sán," ni ẹnjiníà wí.

Baba bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, imú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀dà. "Mi ò rí nǹkan kan," ló sọ. Ohun tó burú jù tó lè sọ nìyẹn.

"Ẹ gbọ́!" Fóòmáànù pariwo. "Kò tiẹ̀ rí i! Ìsàlẹ̀ ló ti sán wá."

"Ọ̀gá, mágínẹ́ẹ̀tì ń sọ ibi tó sán, kì í sọ ẹni tó jẹ́ kó sán," ni ẹnjiníà fèsì.

"Èmi mọ ẹni tó jẹ́ kó sán. Baba, lọ́jọ́ Ajé kẹ́ ẹ wá kó irinṣẹ́ yín."

Mo ń wo bàtà mi. Mo ti wo bàtà yẹn débi pé mo lè yà á fún ọ. Nígbà tí wọ́n tú ká, mo lọ bá ẹnjiníà. "Sà, báwo ló ṣe ń mọ̀?"

Ó ní agbára mágínẹ́ẹ̀tì máa ń rìn jẹ́jẹ́ nínú irin tó bá pé. Tó bá débi tó sán, ọ̀nà ò sí mọ́, á yọ sókè, lẹ́búlẹ́bú irin á sì rọ́ wá síbẹ̀. Ó ní èèyàn ò lè fi ojú lásán rí i.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé. Gbogbo ọjọ́ Sunday, ìyàwó mi ń bi mí ohun tó ń ṣe mí. Mo ní èéfín irin ni. Ẹnikẹ́ni tó bá sún mọ́ mi, á ṣe mí bíi pé lẹ́búlẹ́bú ti ń rọ́ wá sí iwájú orí mi.

Lọ́jọ́ Ajé, Baba dé pẹ̀lú awò tuntun lójú. Dùgbẹ̀ ló ti lọ ṣe é, ó nípọn bí ìdí ìgò. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun wo oríkèé náà lẹ́ẹ̀kan sí i kóun tó lọ. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀.

"Mo rí i báyìí," ló sọ. "Ẹ má bínú, ọ̀gá. Ojú mi ló bà á jẹ́."

Mi ò mọ ìgbà tẹ́nu mi là. "Ojú Baba kọ́. Mo bu omi lé e."

Fóòmáànù yíjú sí mi. "O bu kí ni?"

"Omi, sà. Ó kù díẹ̀ kí n pẹ́. Omi àlùwàlá ni."

"Ṣé páìpù náà ń lọ sí Jímọ́ọ̀ ni?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ Baba ò rẹ́rìn-ín. Fóòmáànù na ọwọ́, mo kó òǹtẹ̀ nọ́ńbà mi fún un. "Máa lọ bá àwọn géètì ẹ." Ó wá yíjú sí Baba, kò bẹ̀ ẹ́, ó kàn ní, "Baba, ẹ gbé irinṣẹ́ yín kalẹ̀."

Bí mo ṣe ń di ẹrù mi, Baba wá dúró tì mí. "Sátidé lo ti mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi bá ojú ara mi jà." Ó gbé ìbòjú ẹ̀, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń gé oríkèé náà kúrò, kó lè jó òmíràn.

Mo padà sí Challenge. Àwọn oníbàárà á ní kí n bu omi lé e, mo máa ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n á ní, "Ṣé géètì yìí fẹ́ máa gbé epo ni?" Iye oníbàárà tí mo pàdánù, má bi mí.

Nígbà tí páìpù parí, Baba yà lọ́dọ̀ mi. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, èmi náà ò béèrè. Ó fọwọ́ kan géètì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, ó tètè fà á padà.

"Ó ṣì gbóná," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó fa àpótí kan, ó jókòó, a jọ ń dúró dè é.