Ìbò tí Wọ́n Fi sí Ọjọ́ Ìsinmi Àwọn Júù

Láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1989, nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ tí Houston, ìlú epo ní Amẹ́ríkà, sì dákẹ́ wẹ́lo, mo jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì kan níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń rí ilé ńláńlá ní Fulshear lẹ́bàá Houston lónìí, ẹ má rò pé báyìí ló ṣe wà. Iṣẹ́ ń bọ́ lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó jẹ́ ẹnjiníà, àwọn apartment tí wọ́n ń yá gbé ń ṣófo, gbogbo wa sì ń kanra. Ọ̀rọ̀ Gúúsù Áfíríkà ló ń bí èmi nínú jù. À ń jà kí yunifásítì wa kó owó rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bá ìjọba aláwọ̀ funfun ibẹ̀, tó ń yìnbọn pa àwọn dúdú, ṣòwò.

Ṣùgbọ́n kí n tó sọ ti ìjà, ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ. Ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà n'Íbàdàn, a kì í jẹ ẹran ẹlẹ́dẹ̀. Ní ilé oúnjẹ yunifásítì wa, ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú ẹ̀wà, ó wà nínú ẹ̀fọ́, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fi sínú omi mímu. Nígbà tí mo sọ ọ́ létí àwọn ọmọ Nàìjíríà ẹgbẹ́ mi, wọ́n sọ mí di ẹni à ń fi rẹ́rìn-ín. "Wòlíì Fọlákẹ́ aláìwọ̀bàtà" ni wọ́n ń pè mí. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín níbẹ̀, tí mo bá délé, mo máa ń sunkún.

Míríámù ló rí mi lọ́jọ́ kan tí mo ń fi fọ́ọ̀kì ṣa ẹran kúrò nínú ẹ̀wà. Ọmọ Júù ni, kíláàsì kan náà la wà. Ó wo abọ́ mi, ó ní, "Ìwọ náà ò jẹ ẹ́? Dìde, jẹ́ ká lọ."

Ó mú mi lọ sí ilé kékeré kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Júù ń lò nítòsí ọgbà yunifásítì. Láti ìgbà náà, gbogbo ìrọ̀lẹ́ Fráídé, ibẹ̀ ni mo ti ń jẹun. Wọ́n á tan àbẹ́là, wọ́n á gbàdúrà lédè tí n kò gbọ́, wọ́n á kọrin, wọ́n á máa lu tábìlì. Àbẹ́là, orin, àdúrà: ṣé nǹkan àjèjì nìyẹn fún ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa? Kò sẹ́ni tó ní kí n wá ṣàlàyé ara mi. Oúnjẹ ni wọ́n kàn ń bù sí i fún mi. Ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀ ju àárín àwọn tá a jọ ń sọ Yorùbá lọ, ó sì dùn mí pé bẹ́ẹ̀ ló rí.

Bọ̀dá Fẹ́mi, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà, ni olórí ìjà wa. Míríámù àti àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Júù ilé kékeré yẹn, bá wa gbé pátákó nínú oòrùn Houston tó ń bó èèyàn láwọ. Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gbà pé kí gbogbo wa dìbò lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọjọ́ wo ni wọ́n wá mú? Sátidé! Wọ́n ní ọjọ́ eré bọ́ọ̀lù ni, gbogbo ayé ni yóò wà lọ́gbà.

Àwọn ará ilé Míríámù kì í kọ̀wé lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ ìsinmi wọn, wọn kì í wa mọ́tò, títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ìbò á sì ti parí kó tó ṣú. Mo ní, "Ṣebí kíkọ nìkan ni èèwọ̀? Ẹ jẹ́ ká ní kí wọ́n gbé tàdáwà wá, ká tẹ̀ka bí wọ́n ti ń ṣe nílé wa."

Míríámù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Fọlákẹ́, àmì tí ìka bá fi sílẹ̀, kíkọ lòun náà."

Mo lọ bá Bọ̀dá Fẹ́mi pé ká ní kí wọ́n yí ọjọ́ padà. Wọ́n ní, "Kí ìgbìmọ̀ máa sọ pé a ò tíì ṣe tán? Rárá o. Kí àwọn Júù yẹn tọrọ àyè lọ́wọ́ Ọlọ́run wọn fún ọjọ́ kan."

"Bọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lè sọ bẹ́ẹ̀ fún pásítọ̀ yín?"

"Ìyẹn yàtọ̀."

Lọ́jọ́ ìbò, àwọn ará ilé náà fẹsẹ̀ rìn wá tàwọn ti aṣọ ìsinmi lọ́rùn. Wọ́n jókòó sórí koríko níwájú gbọ̀ngàn, kí ayé lè rí àwọn tí wọ́n tì síta. Mo dúró láàárín méjì. Míríámù ló lé mi wọlé. "Lọ dìbò, jọ̀ọ́. Àwọn tí wọ́n ń yìnbọn lù ní Gúúsù Áfíríkà ò lè dúró de ìsinmi wa." Mo dìbò, mo jáde, mo bá wọn jókòó.

A fìdí rẹmi. Ìbò díẹ̀ ni wọ́n fi jù wá lọ, àwọn tó wà lórí koríko yẹn ì bá ti tó wa. Nígbà tí a ṣe ìpàdé, Bọ̀dá Fẹ́mi dìde, wọ́n ní, "Àwọn Júù ló tà wá." Àwọn kan pàtẹ́wọ́.

Ara mi gbóná. "Ta ló kọ̀ láti bá wọn bẹ̀bẹ̀ ọjọ́? Àbí àwọn ló mú Sátidé?"

"Fọlákẹ́, ṣé tiwa lo ń ṣe ni àbí tiwọn?"

"Ẹnì kan ò bi mí nírú ìbéèrè yẹn rí nílé Míríámù," ni mo wí, mo sì gbé báàgì mi, mo jáde. Odindi sáà kan ni wọn ò fi kí mi.

Lọ́dún kejì, ìgbìmọ̀ tún pe ìbò náà, wọ́n fi sí àárín ọ̀sẹ̀, a sì borí. Bọ̀dá Fẹ́mi dúró lórí àtẹ̀gùn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn olùkọ́, lọ́wọ́ àwọn ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́wọ́ àwọn dúdú Amẹ́ríkà. Wọn ò dárúkọ Júù kankan. Míríámù ń pàtẹ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Mo bi í pé, "Inú ò bí ẹ?"

"Inú ń bí mi gan-an. Gúúsù Áfíríkà ni mo ń pàtẹ́wọ́ fún."

A jẹ èrè ìjà yẹn, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n láìpẹ́ yìí, níbi òkú kan ní League City, nítòsí Houston, mo jókòó ti Bọ̀dá Fẹ́mi. Orí wọn ti funfun, àwọn ọmọ ọmọ wọn ń sáré kiri. Mo ní, "Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ Míríámù yẹn ńkọ́? Ẹ ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ ò sì tíì tọrọ àforíjì."

"Há, Fọlákẹ́! Ọ̀rọ̀ ìgbà wo nìyẹn? Ó ti pẹ́ jù."

"Ó wà láyé. Mo ní nọ́ńbà rẹ̀ níbí, ẹ jẹ́ kí n pè é fún yín."

Wọ́n wo fóònù tí mo nà sí wọn. Wọn ò gbà á. Lẹ́yìn náà wọ́n pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, wọ́n ní kó bá àwọn bu omi wá.