Bọ́ọ̀lù Tí Kóòṣì Pè Ní Ìta

Ìyá Téèpù ni gbogbo àdúgbò ń pe aránṣọ náà, nítorí téèpù ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, àní bó bá ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀ ju yàrá kan lọ: máṣíìnì méjì, tábìlì tó fi ń gé aṣọ, dígí gígùn kan tí igun rẹ̀ ti là, àti tẹlifíṣọ̀n kékeré tó gbé ka orí àpótí òwú. Ìbéèrè ni iṣẹ́ rẹ̀ kejì. Ìyá tó bí i máa ń sọ pé kí ọmọ yìí tó sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, ó ti kọ́kọ́ wo agbẹ̀bí lójú bí ẹni pé ó fẹ́ bi í léèrè ohun tó ń wá.

Iṣẹ́ ló fi bá tẹ́níìsì pàdé. Ọkùnrin kan wà tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní eré náà, Kóòṣì ni wọ́n ń pè é. Ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ó gbé ṣòkòtò péńpé funfun wá fún àtúnṣe, Ìyá Téèpù sì bi í pé kí ló dé tí wọ́n fi ń ka eré náà ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọgbọ̀n, ogójì, bí ẹni tí ìṣirò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Kóòṣì ní òun ò mọ̀, pé àwọn tó dá a sílẹ̀ gan-an lè má mọ̀. Ìdáhùn yẹn ló mú obìnrin náà lọ́kàn. Eré tí olùkọ́ rẹ̀ kò mọ ìdí rẹ̀, ó ní dandan ni kí òun wò ó. Nígbà tó sì wò ó, ó rí i pé kò dí òun lọ́wọ́ iṣẹ́. Bó bá ń gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù, pó, pó, ó mọ̀ pé wọ́n ṣì ń gbá a, á máa ránṣọ lọ. Bí ìró bá dákẹ́, á gbójú sókè.

Ìdíje ńlá kan wà tí gbogbo ayé máa ń wò fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọọdún. Lọ́jọ́ tí àwọn obìnrin fẹ́ gbá àṣekágbá, ṣọ́ọ̀bù kún. Kóòṣì jókòó sórí àga oníbàárà. Onígbàjámọ̀ tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ náà sáré wọlé, ẹni tó ń gẹrun fún lọ́wọ́ sì tẹ̀ lé e wá pẹ̀lú aṣọ ìgẹrun lọ́rùn, ìdajì orí dán, ìdajì kún. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan ló fẹ́ bá obìnrin ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì jà sí ife náà. Onígbàjámọ̀ kò lè pe orúkọ àwọn méjèèjì dáadáa, ló bá sọ wọ́n ní Àbúrò àti Ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn sì ń pè wọ́n.

Eré náà le. Ó dé ibi tó ku àmì kan ṣoṣo kí Ẹ̀gbọ́n gba ife. Àbúrò gbá bọ́ọ̀lù kan tó fò lọ bọ́ sí etí ìlà ẹ̀yìn, Ẹ̀gbọ́n ò fọwọ́ kàn án. Ohùn kan sì ké pé ó jáde. Kì í ṣe ohùn èèyàn. Lọ́dún yẹn, àwọn aláṣẹ ìdíje náà ti yọ àwọn adájọ́ ìlà kúrò, wọ́n fi ẹ̀rọ rọ́pò wọn. Àbúrò nawọ́ sílẹ̀, ó ń tọ́ka, ó ń sọ̀rọ̀. Adájọ́ àgbà mi orí. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ dúró sójú kan, rákẹ́ẹ̀tì ń fì lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ̀ bóyá kó yọ̀ àbí kó má yọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé àwòrán kan jáde: ìlà rèé, bọ́ọ̀lù rèé, àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju òwú abẹ́rẹ́ lọ.

Kóòṣì ní irọ́ ni. Ó ní òun rí i nígbà tí ẹfun orí ìlà sọ lálá sókè, ojú òun kì í purọ́ fún òun. Onígbàjámọ̀ ní ẹ̀rọ ò ní ìyá, kò ní bàbá, kò sẹ́ni tó máa ṣègbè fún. Ẹni tó ní ààbọ̀ irun ní bó bá jẹ́ òun ni Ẹ̀gbọ́n, òun á ní kí wọ́n tún un gbá. Onígbàjámọ̀ bi í pé ṣé ó máa san ààbọ̀ owó irun náà ni, kó lọ máa ṣe olóòótọ́ nílé.

Ìyá Téèpù kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ó bi wọ́n pé níbo ni àwọn tó máa ń bẹ̀rẹ̀ wo ìlà gbà lọ, àwọn tó máa ń wọ aṣọ kan náà tó gún régé. Ta ló ń rán aṣọ yẹn fún wọn, kí ni aránṣọ náà ń rán báyìí? Ó tún bi wọ́n pé àwòrán tí wọ́n fi hàn yẹn, ṣé fọ́tò ni àbí ẹnìkan ló yà á?

Ọ̀rọ̀ náà kò tán lọ́jọ́ yẹn. Lórí rédíò, àwọn kan ń pe Ẹ̀gbọ́n ní olè. Àwọn mìíràn ní Àbúrò ni kò lẹ́kọ̀ọ́, torí kò bọ adájọ́ lọ́wọ́ kó tó kúrò lórí pápá. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, Kóòṣì àti Onígbàjámọ̀ kò kí ara wọn mọ́. Bí Kóòṣì bá ń bọ̀, Onígbàjámọ̀ á gbé ìgbálẹ̀, á máa gbá ilẹ̀ tó ti mọ́.

Ìwé ìròyìn ló gbé ọ̀rọ̀ mìíràn dé. Àwọn aláṣẹ ní àwọn ti yẹ ẹ̀rọ náà wò, ara rẹ̀ le. Bó bá tiẹ̀ ṣì rárá, àṣìṣe rẹ̀ kò lè ju ìnípọn igi ìṣáná lọ. Ọkọ Ìyá Téèpù ló kà á sókè nídìí oúnjẹ àárọ̀. Ọkùnrin náà kì í wo tẹ́níìsì. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wọn ẹrù nílé ìfìwéránṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó sọ ìwé sílẹ̀, ó ní gbogbo òṣùwọ̀n tí òun lò rí ló ní bébà kékeré lára, tí wọ́n kọ iye tó lè fi ṣì sí.

"Bí òṣùwọ̀n bá lè ṣì tó igi ìṣáná," ó ní, "tí bọ́ọ̀lù sì fi òwú kan jáde, òṣùwọ̀n yẹn ò mọ̀. Àmọ́ ẹnìkan gbọ́dọ̀ kọ nǹkan sára ẹrù, kó lè lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ gé aṣọ dáadáa lọ́jọ́ náà. Ó ń gé e, ó ń dúró. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó lọ bá Kóòṣì, ó lọ bá Onígbàjámọ̀, ó ní kí wọ́n bá òun ní pápá iléèwé ní àárọ̀ Sátidé, òun fẹ́ fojú ara òun rí i. Àwọn méjèèjì gbà, torí kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé rárá. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ á dáhùn ìdí.

Sìmẹ́ńtì ni ilẹ̀ pápá náà, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kun ìlà rẹ̀ ní funfun. Ìyá Téèpù ti lọ ṣọ́ọ̀kì búlúù tó fi ń sàmì sáṣọ kúnná sínú agolo, ó sì ń yí bọ́ọ̀lù nínú rẹ̀ bí ẹni ń fi ìyẹ̀fun yí ẹja. Onígbàjámọ̀ ni wọ́n fún ní rákẹ́ẹ̀tì. Kò dì í mú rí. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta àkọ́kọ́ fo ògiri lọ, ẹlẹ́kẹẹ̀rin ba ọkọ Ìyá Téèpù léjìká, ó sì fi búlúù sí i láṣọ. Lẹ́yìn ìyẹn ọwọ́ rẹ̀ balẹ̀. Kóòṣì dúró síbi tí adájọ́ ìlà máa ń dúró, Ìyá Téèpù dúró létí nẹ́ẹ̀tì. Bí bọ́ọ̀lù bá ti bọ́ sílẹ̀, kálukú á pe tirẹ̀, inú tàbí ìta, ọkọ rẹ̀ á wá lọ bẹ̀rẹ̀ wo àmì búlúù nílẹ̀, á kọ ọ́ sínú ìwé.

Ohun tó kọ́kọ́ yà wọ́n lẹ́nu ni àmì náà. Wọ́n rò pé á rí róbótó. Àmọ́ ó gùn, ó rí bí ẹyin tí wọ́n jókòó lé. Ìyá Téèpù fi téèpù wọ̀n ọ́n, ó tún un wọ̀n. Bọ́ọ̀lù kì í kan ilẹ̀ lójú kan ṣoṣo. Ńṣe ló ń tẹ́, tó ń fà, kó tó fò. Ẹni tó bá dúró lọ́ọ̀ọ́kán lè rí ẹ̀yìn bọ́ọ̀lù níta nígbà tí ìdí rẹ̀ ti kan ìlà.

Nínú ọgbọ̀n bọ́ọ̀lù, mọ́kànlá ló bọ́ sí etí ìlà gan-an. Ìyá Téèpù ṣì mẹ́fà pè, ó ní òun ì bá kúkú máa ju ẹyọ owó sókè kó bá òun pè é. Kóòṣì ṣì mẹ́rin. Ọkọ rẹ̀ ló kíyè sí ohun mìíràn nínú ìwé: mẹ́rin tí Kóòṣì ṣì yẹn, àwọn gan-an ló fi gbogbo ẹnu pè, tó fi nawọ́ jáde gbalaja.

Onígbàjámọ̀ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú Kóòṣì, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Kóòṣì lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní kí òun tó di olùkọ́, òun ti ṣe adájọ́ ìlà rí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n rèé. Ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ni, ní àṣekágbá, ọmọbìnrin ọlọ́wọ́ òsì kan, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, gbá bọ́ọ̀lù kan sí etí ìlà òun. Bó bá wọlé, eré ṣì ń lọ. Bó bá jáde, ó ti pàdánù. Òun nawọ́ gbalaja, òun pè é ní ìta. Ọmọ náà wo òun, ó kúrò lórí pápá. Kò sì gbá tẹ́níìsì mọ́ láti ọdún tó tẹ̀ lé e.

"Bí mo bá ti gbà pé ojú mi lè purọ́ fún mi," ó ní, "a jẹ́ pé mo ti ba ayé ọmọ yẹn jẹ́ nìyẹn."

Ìyá Téèpù jókòó tì í. "Ṣé ẹ bi í rí?"

"Bi ta ni?"

"Ọmọ náà."

Kò bi í rí. Kò tilẹ̀ wá sọ́kàn rẹ̀ rí pé èèyàn lè bi í.

Onígbàjámọ̀ ló bá wọn wá a. Kò sí orí tí kì í dé ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀, orí kan á sì mọ òmíràn. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ó ti gbọ́ pé obìnrin náà ń ta oògùn ní ìlú kejì, ó sì ti gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ fún Kóòṣì. Ó kí i, Kóòṣì sì dáhùn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Kóòṣì àti Ìyá Téèpù wọ bọ́ọ̀sì lọ. Ọkọ rẹ̀ ló bá a jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù olóògùn náà mọ́, ó tutù, pákó ìtajà gígùn kan wà níbẹ̀, obìnrin tó tó ẹni àádọ́ta ọdún sì ń fi ọwọ́ òsì kọ nǹkan sára ìgò. Kóòṣì dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tó wá ra nǹkan tó ń tijú láti dárúkọ. Ó ṣàlàyé ara rẹ̀. Ó sọ ọdún tó ṣẹlẹ̀, ó sọ pápá náà, ó sọ bọ́ọ̀lù náà.

Obìnrin náà gbọ́ ọ tán. "Ẹ má bínú, bàbá. Bọ́ọ̀lù wo?"

Kóòṣì tún un ṣe. Obìnrin náà ronú, ó mi orí. Kò rántí rẹ̀ rárá. Ohun tó rántí nípa ọjọ́ yẹn ni pé bàbá òun wá. Ọjọ́ yẹn nìkan ni bàbá náà wá wo òun rí, kò mọ ohunkóhun nípa eré náà, ó sì ń pàtẹ́wọ́ níbi tí kò yẹ, ó tilẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó ń na ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rín ló ń pa òun lórí pápá. Lọ́dún kejì òun wọ iléèwé gíga, ẹ̀kọ́ nípa oògùn ló wu òun, ìdí tí òun fi pa rákẹ́ẹ̀tì tì kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Mi ò mọ̀ pé ẹnìkan ń ru ẹrù mi kiri láti ọjọ́ yìí," ó ní. Ó wá fara ti pákó ìtajà. "Ó wá wọlé ni, àbí ó jáde?"

Kóòṣì wo Ìyá Téèpù, ó tún wo obìnrin náà. "Mi ò mọ̀," ó ní. "N kò mọ̀ nígbà yẹn náà."

Obìnrin náà gbé àga méjì jáde fún wọn. Ó ti wo àṣekágbá tó ń fa wàhálà yìí, ó sì ní ohun tó dun òun nínú rẹ̀ kì í ṣe bọ́ọ̀lù, bí kò ṣe pé ẹ̀rọ náà kò ní ojú tí ọmọ yẹn lè wò. Ó ní ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ nílò ojú kan tó máa wò. Ìyá Téèpù bi í bóyá èèyàn tó ṣì pè é sàn ju ẹ̀rọ tó pè é bó ṣe tọ́. Obìnrin náà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rò ó ná. Oníbàárà wọlé, ó dá a lóhùn, ó padà wá, ó ní òun ṣì ń rò ó.

Nínú bọ́ọ̀sì, Kóòṣì ń wo ìta fèrèsé. Ìyá Téèpù bi í bóyá ara rẹ̀ ti fúyẹ́. Ó ní ó fúyẹ́, àmọ́ kì í ṣe bí òun ṣe rò ó. Òun ti múra sílẹ̀ fún èébú. Òun ti múra sílẹ̀ fún omijé. Kò sẹ́ni tó sọ fún òun pé kí òun múra sílẹ̀ fún ẹni tí kò rántí.

"Ó dùn yín?"

"Ó dùn mí díẹ̀," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ kò yí ọkàn padà. Títí dòní ló ṣì ń sọ pé ẹ̀rọ ò ní ìyá. Kóòṣì ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé lọ, ó kàn ti fi kún ẹ̀kọ́ wọn pé bí bọ́ọ̀lù bá ṣòro láti rí, kí wọ́n sọ pé àwọn ò rí i. Nígbà tí ìdíje ńlá náà tún dé lọ́dún kejì, lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní, fóònù Kóòṣì dún ní ṣọ́ọ̀bù Ìyá Téèpù. Olóògùn náà ni. Kò tilẹ̀ kí i tán tó fi bi í léèrè bóyá wọ́n rí bọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá yẹn, àti ohun tí aránṣọ wí sí i.