Iṣan Tí Dókítà Rán, Ẹ̀gbọ́n Mi Fà Á Já

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin parọ́ fún mi, ìka mi ló ń jìyà ẹ̀. Ẹ má retí kí n pè é ní "wọ́n" lónìí.

Ọ̀bẹ ló gé iṣan ìka ìfábẹ̀lá mi níbi tí mo ti ń gé ẹja. Dókítà rán iṣan náà, ó fi ike de ọwọ́ mi, ó ní mi ò gbọdọ̀ na ìka yẹn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi gbé òrí wá láti Trans-Amadi, ní Port Harcourt níbí, ó sì gbé omi kaná.

Mo ní, "Anti mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú ike yìí."

Ó ní, "Mo ti pe nọ́ọ̀sì ẹ. Ó ní ká fomi gbóná jó o, ká nà án, kó má baà gan."

Mo gbà á gbọ́. Ó tú ike náà, ó fa ìka náà, ó dún pọ́! Láti ọjọ́ yẹn, kò ká mọ́.

Lónìí, nọ́ọ̀sì náà wò ó ní ọsibítù. Mo sọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ní ó wí fún un, ó ní, "My sister, nobody call me o. This thing don cut again."

Mo yíjú sí ẹ̀gbọ́n mi.

Ó ní, "Tí mi ò bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣé wàá jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án ni?"

Télọ̀ ni mí o! Wọ́n á tún la ọwọ́ yìí.

Nínú kẹ̀kẹ́ tá a gbé bọ̀, ó bi mí bóyá òrí ṣì kù nílé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ká ní ẹ̀yin ni, èsì wo lẹ máa fún un?