Ìwé Tí Alágbàfọ̀ Ń Sá Fún

Odindi ọdún mẹ́fà ni alágbàfọ̀ kan fi ń sá fún ìwé tí kò fojú kàn rí. Obìnrin náà ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò fẹ̀: ẹ̀rọ ìfọṣọ kan, tábìlì tó fi ń lọ aṣọ, irin gígùn tó ń kọ́ aṣọ sí, àti fèrèsé kan tí ooru máa ń bò títí èèyàn ò fi ní rí ìta. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dójú àmì. Bó bá ti na kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, á ti mọ ẹni tó ń fi kẹ̀kẹ́ lọ síbi iṣẹ́, á sì ti mọ ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ò sí nílé.

Ohun tí kò mọ̀ ni ibi tí àbúrò rẹ̀ wà.

Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àbúrò yìí nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì tọ́ ọ dàgbà. Nígbà tó di géńdé, bó bá ti wọ ṣọ́ọ̀bù, kò ní tíì kí i tán tí á fi ti gba agbọ̀n aṣọ tútù lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀yìn yín kì í ṣe irin."

Ọkọ̀ akẹ́rù ló dá ìjà sílẹ̀. Àbúrò fẹ́ ra ọ̀kan, báǹkì ní owó náà ti pọ̀ jù fún òun nìkan, ni àwọn méjèèjì bá jọ tọwọ́ bọ̀wé. Ọdún kan lọ wẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà iṣẹ́ dẹ̀, oṣù méjì kọjá láìsan, lẹ́tà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Lọ́jọ́ tí ìkẹta dé, inú bí alágbàfọ̀.

"Títí wàá fi san owó yẹn tán," ó ní, "má pè mí ní ẹ̀gbọ́n mọ́."

Ṣẹ́ẹ̀tì kan wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ tó ń bá a ká. Ó de gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀, ó ká a, ó gbé e sórí àwọn yòókù, ó sì jáde. Ẹ̀gbọ́n rò pé á padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kò padà.

Ẹ̀rù àwọn agbowó báǹkì wá bẹ̀rẹ̀ sí í ba obìnrin yìí. Ó kó kúrò nílé tó ń gbé, ó yí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ padà, ó kó ṣọ́ọ̀bù lọ sí àdúgbò mìíràn. Síbẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, àyà rẹ̀ á já. Bó bá ṣí i tó rí i pé kì í ṣe agbowó, ara á tù ú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á wá rántí pé kì í ṣe àbúrò òun náà, ara á sì tún wó o. Àárò rẹ̀ ń sọ ọ́ débi pé bó bá gbọ́ ìró ọkọ̀ akẹ́rù, á gbé áyọ̀nù sókè, á dúró, títí ìró náà á fi lọ.

Nígbà tí ẹ̀rọ ìfọṣọ kọ̀ tí kò yí mọ́, ó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ó ní òun fẹ́ gba tuntun, kí òun máa san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Kò burú," ọkùnrin náà wí. "A óò kọ́kọ́ wo àkọsílẹ̀ yín ná: owó tí ẹ ti yá rí àti bí ẹ ṣe san án."

"Mò ń bọ̀," ni obìnrin náà sọ, ó sì lọ sílé.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni àtẹ̀jíṣẹ́ kan wọlé sórí fóònù rẹ̀. Wọ́n ní kó tẹ ibì kan, kó fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kó kọ nọ́ńbà káàdì rẹ̀ àti nọ́ńbà àṣírí rẹ̀, wọ́n á sì fọ orúkọ rẹ̀ mọ́ tónítóní nínú àkọsílẹ̀ àwọn onígbèsè. Ó ti mú káàdì jáde nígbà tí ìyá àgbàlagbà kan wọlé pẹ̀lú aṣọ ibùsùn rẹ̀. Ìyá Oníbáǹkì ni wọ́n ń pè é, torí ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣiṣẹ́ ní báǹkì kó tó fẹ̀yìn tì. Alágbàfọ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ náà hàn án.

"Ta ló sọ fún ọ pé orúkọ rẹ dọ̀tí?" Ìyá Oníbáǹkì béèrè.

"Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ti rí i?"

"Rárá, mà."

"Ẹni tí kò tíì rí aṣọ, tó ní òun á yọ àbàwọ́n rẹ̀, ìwọ náà mọ irú alágbàfọ̀ tíyẹn jẹ́. Dá káàdì rẹ padà sínú báàgì."

Ìyá náà fa àga, ó jókòó. Ó ṣàlàyé pé ilé iṣẹ́ kan wà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ owó tí kálukú yá àti bó ṣe san án, òfin sì ní kí wọ́n fún olórúkọ ní tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọọdún. "Má tẹ ohunkóhun tí ẹni tí o ò mọ̀ fi ránṣẹ́. Fọwọ́ ara rẹ kọ àdírẹ́sì wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì bí mo ṣe máa kọ ọ́ fún ọ yìí, kó o wò ó dáadáa kó o tó wọlé. Lórí fóònù tìrẹ ni o, kì í ṣe lórí kọ̀ǹpútà tí gbogbo ayé ń lò. Wọ́n á béèrè orúkọ rẹ, ọjọ́ ìbí rẹ, àti ibi tí o ti gbé rí, kí wọ́n lè mọ̀ pé ìwọ ni. Ẹni tó bá béèrè nọ́ńbà àṣírí káàdì, olè ni."

"Tí mo bá wò ó, ṣé kò ní ba orúkọ mi jẹ́ sí i?"

"Ta ló wo dígí tí dígí sọ di òbúrẹ́wà?"

Ọjọ́ Sunday, nígbà tí ṣọ́ọ̀bù wà ní títì, ó jókòó sídìí tábìlì, ó sì ṣe bí ìyá náà ṣe wí. Ìwé náà ṣí. Ó rí orúkọ rẹ̀, ó rí àwọn ilé tó ti gbé. Ó wá rí i: owó ọkọ̀ akẹ́rù, ẹni méjì ló yá a. Oṣù méjì tí wọn ò san wà níbẹ̀, wọ́n pọ́n bí ojú eéwo. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n san án, wọ́n sì san ti ẹ̀yìn mọ́ ọn. Oṣù tó tún tẹ̀ lé e, wọ́n san án. Ó ń fi ìka tẹ̀ lé e bí ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ ẹlòmíì lórí iyanrìn: oṣù tó ń kó ẹrù kúrò nílé àtijọ́, wọ́n san án, oṣù tí àìsàn gbé e dè, wọ́n san án. Ó lé ní ọgọ́ta oṣù. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé gbèsè náà ti tán, láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn.

Ó gbé fóònù kalẹ̀. Àbúrò òun wà láàyè. Ó ti san án tán, bóyá ó sì ti pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti oṣù mẹ́jọ yìí, lórí nọ́ńbà tí ẹ̀gbọ́n ti sọ nù. Obìnrin náà sunkún títí ọ̀sán fi pọ́n.

Ní Monday ó lọ sí báǹkì, ó béèrè ibi tí àbúrò òun ń gbé. Ọmọbìnrin tó wà lórí káńtà fọwọ́ pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn. "Màmá, òfin ò gbà wá láyè láti sọ ibi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ẹ kọ lẹ́tà, a óò fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì tó wà lọ́wọ́ wa."

Ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń ya á. Èyí tó fi sílẹ̀ kò gùn. Ó kọ nọ́ńbà tuntun àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù sí i, ó wá fi kún un pé: "Èmi ni mo fara pamọ́. Kì í ṣe ìwọ."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ìpè ò wọlé, lẹ́tà náà ò sì padà wá. Ó lọ ra ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ọkùnrin yẹn wo àkọsílẹ̀ rẹ̀, ó ní ó dára, ó gbé fọ́ọ̀mù fún un. Wọ́n béèrè ẹni tí wọ́n lè pè tí wọn ò bá rí i. Ó kọ orúkọ àbúrò rẹ̀ gbàgàdà. Níbi tí wọ́n ti ní kó kọ nọ́ńbà fóònù, ó dá bírò dúró.

"Ẹ ò kọ nọ́ńbà wọn, mà," ọkùnrin náà wí.

"Ẹ fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún mi," ó ní. "Màá padà wá kọ ọ́ sí i."