Ọṣẹ Ẹnì Kan

Láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí àwa olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀, mò ń gbé yàrá kan ní Igbona, l'Óṣogbo. Ìyàwó mi ti lọ ṣiṣẹ́ ní Èkó, kò sì sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn mi. Nígbà tí bàbá mi fi kẹ́ẹ̀gì àdín kan ránṣẹ́ láti Iléṣà, mo pinnu láti fi se ọṣẹ, bóyá àwọn ará ilé á yà wò mí.

Èmi tí mo gboyè nínú kẹ́mísìrì kò lè máa fojú bu sódà bí àwọn ìyá wa. Ìwé ní móòlù ọ̀rá kan, ìyẹn òṣùwọ̀n àwa oníkẹ́mísìrì, ń gba móòlù sódà mẹ́ta. Mo wọn àdín inú kẹ́ẹ̀gì, mo sọ ọ́ di móòlù, mo sọ ìyẹn di ìlọ́po mẹ́ta, mo sì ra sódà tó bá a mu. Mo wá wọ kóòtù funfun lọ sẹ́yìnkùlé.

Ìyá tó ń gbé yàrá kejì bú sẹ́rìn-ín. "Tíṣà, ṣé iṣẹ́ abẹ lẹ fẹ́ ṣe fún ọṣẹ ni?"

Ọṣẹ náà dì dáadáa. Nígbà tí mo gé e tán, ó kún tábìlì, ó kún ibùsùn. Ìyá náà yọjú, ó mú ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ó dáa o. Èèyàn mélòó ló fẹ́ lò ó?"

"Èmi nìkan ni, mà."

"Ẹ ò wá ṣírò ìyẹn mọ́ ọn?"

Ó dúpẹ́ ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀, ó sì padà sídìí iná rẹ̀. Mo kó ìyókù jọ sí apá ibi tí ìyàwó mi máa ń sùn, mo sì dùbúlẹ̀ sí apá tèmi.